Rìsíìtì olórí ẹbí, pulọ́ọ̀tì méjì ní Kàbà: ìdáhùn fún olùkọ́ tó ń múra ìfẹ̀yìntì

Ìbéèrè tó dé ọ̀dọ̀ wa nìyí: “Okun o. Olùkọ́ ni mí ní Ìsánlú, ó ku ọdún 3 kí n fẹ̀yìntì. ₦9,000,000 ló wà lọ́wọ́ mi, owó kọpurétíífù pọ̀ mọ́ èyí tí mo ti ń tọ́jú pamọ́. Wọ́n mú mi lọ wo pulọ́ọ̀tì 2 ní ẹ̀yìn ìlú Kàbà, ₦1,600,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Bàbá tó jẹ́ olórí ẹbí ni yóò fọwọ́ sí rìsíìtì fún mi. Bíríkìlà ní ₦6,000,000 á kọ́ self-contain 4, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń san ₦180,000 lọ́dún fún yàrá kan ládùúgbò náà. Àbúrò mi ní kí n má kọ́ ohunkóhun, kí n ra ilẹ̀ sí Lọ́kọ́ja kí n sì fi í sílẹ̀ kó máa gbówó lórí. Ọmọ mi àgbà tún ní kí n fi orúkọ òun sí ìwé ilẹ̀ náà. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.”

Okun o, Màmá. Bí mo ṣe ka ọ̀rọ̀ yín, kì í ṣe ilẹ̀ tàbí ilé gan-an ló ń já yín láyà. Owó iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún ni, kò sì sí owó oṣù mìíràn tí yóò tún un ṣe bó bá há sínú ẹjọ́ tàbí sínú ilé tí kò parí. Ẹni tí kò ní àyè àṣìṣe ni mo ń bá sọ̀rọ̀, nítorí náà ìmọ̀ràn mi á le díẹ̀ ju èyí tí màá fún ọ̀dọ́ oníṣòwò tó ṣì lè pa òmíràn lọ. Ẹ kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kan ṣoṣo yìí pẹ̀lú mi: pulọ́ọ̀tì 2 jẹ́ ₦3,200,000, ti bíríkìlà jẹ́ ₦6,000,000. Àpapọ̀ rẹ̀ ti di ₦9,200,000, a ò tíì san owó lọ́yà, sọ́fíyọ̀, kànga, iná tàbí sọ́kàwéè. Bí ètò náà ṣe wà yìí, kò lè parí. Ẹni tó gbé e wá fún yín lè má ní ètekéte kankan lọ́kàn, ṣùgbọ́n kò bá yín ṣírò rẹ̀ dé òpin.

Orí rìsíìtì ni kí á ti bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣègbé nílẹ̀ Okun, ilẹ̀ àwa Yorùbá ìpínlẹ̀ Kogi. Ohun tí rìsíìtì ń sọ ni pé owó ti ọwọ́ kan bọ́ sí ọwọ́ kejì. Kò sọ pé ẹni tó gbowó ní ẹ̀tọ́ láti tà. Yálà ilẹ̀ Owé ni, tàbí Bùnú, Ìjùmú, Yàgbà, ilẹ̀ ẹbí ló pọ̀ jù nínú ilẹ̀ tí wọ́n ń tà, ilẹ̀ ẹbí sì ní òfin tirẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ti là mọ́lẹ̀ láti ìgbà ẹjọ́ Ekpendu àti Erika ní 1959. Bí ọmọ ẹbí kan bá dá ilẹ̀ tà láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, òfo ni títà náà láti ìpìlẹ̀. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ kí àwọn àgbà tó ṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan (ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan nínú ẹbí) mọ̀, títà náà á dúró fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ àwọn tó kù lè lọ sílé ẹjọ́ kí wọ́n sì dà á nù. Ipò kejì yìí gan-an ni bàbá yẹn fẹ́ fi yín sí. Ó lè jẹ́ olóòótọ́, kó sì jẹ́ olórí ẹbí lóòótọ́. Síbẹ̀ bó bá dá fọwọ́ sí i, ìlẹ̀kùn ẹjọ́ ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ẹni tí owó náà kò dé ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí bàbá bá sì kú ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń jáde, nígbà tí ilé ti dé òrùlé.

Ohun tí ẹ ó béèrè kò nira, ó kàn gba sùúrù ni. Ìdí igi mélòó ló wà nínú ẹbí náà? Ta ni olórí ọ̀kọ̀ọ̀kan? Níbo ló ń gbé? Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀, kí ẹ sì fi orúkọ náà wádìí lọ́wọ́ àwọn tó ní ilẹ̀ tó bá èyí pààlà, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó ń gba owó alágbàtà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn àgbà wọ̀nyí kò sí nílé. Abuja, Èkó àti Kàdúná ni wọ́n wà, àsìkò Kérésì tàbí Àjíǹde ni wọ́n ń wálé. Bí ẹni tó ń ta ilẹ̀ bá ń kán yín lójú ní oṣù Kẹsàn-án pé oníbàárà mìíràn ti ń bọ̀ lọ́la, ẹ ní ẹ ó dúró di Kérésì. Ilẹ̀ tó bá mọ́ kò ní bàjẹ́ láàárín oṣù mẹ́ta. Níjọ́ ìfọwọ́sí, kí olórí ẹbí àti aṣojú ìdí igi kọ̀ọ̀kan tẹ ọwọ́ sí ìwé kan náà, kí àwọn ẹlẹ́rìí tiyín wà níbẹ̀, kí ẹ ya fọ́tò, kí owó sì gba báǹkì kọjá kó lè ní àkọsílẹ̀. Bí ẹnì kan nínú wọn kò bá mọ̀ ọ́n kọ mọ̀ ọ́n kà, ó gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé pé wọ́n ka gbogbo rẹ̀ sí i létí ní èdè rẹ̀, ó sì yé e kó tó tẹ̀ka. Gbólóhùn kékeré yìí ni lọ́yà alátakò máa ń kọ́kọ́ wá. Lọ́yà ni kó kọ ìwé náà, kì í ṣe alágbàtà tàbí akọ̀wé tó ń tẹ̀wé lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ọ̀tù; òfin kò gba ẹni tí kì í ṣe lọ́yà láyè láti gbowó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á sọ fún yín pé gómìnà ló ni gbogbo ilẹ̀ láti 1978, pé kí ẹ má fi ẹbí da ara yín láàmú, kí ẹ kàn lọ gba C of O, ìwé ẹ̀rí ilẹ̀ tí gómìnà ń fọwọ́ sí. Òfin Lílo Ilẹ̀ ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ ìtọ́jú gómìnà nítorí gbogbo aráàlú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n òfin kan náà kò gba ẹ̀tọ́ ìlò lọ́wọ́ ẹni tó ti ń dáko síbẹ̀ látayébáyé, àwọn náà ṣì lẹ ó bá sọ̀rọ̀. C of O fúnra rẹ̀ kì í sì í ṣe ògiri tí ẹjọ́ kò lè wọ̀. Ẹ̀rí tí ilé ẹjọ́ máa kọ́kọ́ gbà ni. Bí ẹlòmíràn bá fi hàn pé ẹni tó tà á fún yín kò ní ohun tó ń tà, wọ́n lè fagi lé e. Bákan náà ni àwòrán sọ́fíyọ̀ rí: ó ń sọ ibi tí ilẹ̀ wà àti bó ṣe tóbi tó, kò sọ ẹni tó ni ín. Ohun tí òfin fẹ́ ni pé kí a gba ìyọ̀ǹda kí títà tó lẹ́sẹ̀ nílẹ̀: fún ilẹ̀ tó wà lábẹ́ ẹ̀tọ́ àbáláyé, ọ̀dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀, gẹ́gẹ́ bí abala 21 ṣe wí, fún èyí tó ti ní ìwé ìpínlẹ̀, ọ̀dọ̀ gómìnà, abala 22. Àwọn ènìyàn ń fo ìgbésẹ̀ yìí torí owó àti àkókò tó ń gbà. Tiyín, ẹ má fò ó. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà yẹ ìwé wò ní ọ́fíìsì ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, kó sì béèrè ní ilé ẹjọ́ gíga tó wà ní Kàbà bóyá ẹjọ́ kan ń lọ lórí ilẹ̀ ẹbí yẹn.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ mú sọ́fíyọ̀ tí SURCON, ìgbìmọ̀ tó ń forúkọ àwọn sọ́fíyọ̀ sílẹ̀, fọwọ́ sí lọ sórí ilẹ̀ náà fúnra yín. Pulọ́ọ̀tì kì í ṣe ìwọ̀n tí òfin gbé kalẹ̀. 50 ẹsẹ̀ bàtà sí 100 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè bẹ́ẹ̀, ìyẹn bíi 464 mítà onígun mẹ́rin; ṣùgbọ́n ẹlòmíràn á gé 45 sí 90, á ṣì pè é ní pulọ́ọ̀tì, 376 péré sì ni ìyẹn. Bíi ìdá márùn-ún ilẹ̀ ti lọ láìjẹ́ pé owó dín. Ẹ béèrè ibi tí ọ̀nà máa gbà wọlé, inú ilẹ̀ ta ni wọ́n sì ti gé e, kí ọ̀rọ̀ yìí wà nínú ìwé, kì í ṣe lẹ́nu. Kí sọ́fíyọ̀ wò ó bóyá ilẹ̀ náà bọ́ sínú ibi tí ìjọba ti gbà tẹ́lẹ̀. Tó bá wà lẹ́bàá títì ìjọba àpapọ̀, irú èyí tó ti Lọ́kọ́ja gba Ọ̀bájànà wá sí Kàbà, ìjọba àpapọ̀ ló ni 45.72 mítà láti àárín títì sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ń tà níbẹ̀ pọ̀, owó wọn sì dùn-ún gbọ́. Bí ìjọba bá sì gba ilẹ̀ lọ́jọ́ kan, ilé, igi àti irè oko ló ń sanwó fún. Fún ilẹ̀ tó ṣófo, owó ilẹ̀ tí ẹ bá san fún ọdún yẹn nìkan ló kù.

Pèrègún tí àwọn bàbá wa fi ń sàmì ààlà ṣì wúlò, kí ẹ gbìn ín, àmọ́ ẹnì kan lè hú u lóru. Òpó ààlà oníkọnkéré tó ní nọ́ńbà, tí nọ́ńbà rẹ̀ sì wà nínú àwòrán, ni ẹ ó gbára lé. Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí àwọn tó wá láti ìlú ńlá kì í ronú sí, tí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Yàgbà mọ̀ dáadáa: kajú. Ẹni tó ni ilẹ̀ lè má jẹ́ ẹni tó gbin igi tó wà lórí rẹ̀. Ẹ ti lè sanwó ilẹ̀ tán, kí ẹ wá bá ọmọ bàbá náà kan ní oṣù Kẹta tó ń ṣa kajú, tí yóò sì sọ pé ilẹ̀ ni bàbá tà, òun kò ta igi òun. Ẹ ka igi náà, ẹ béèrè ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan, ẹ san owó rẹ̀ lọ́tọ̀, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú ìwé. Lẹ́yìn tí ẹ bá rà á, ẹ lè yọ̀ǹda kí ẹnì kan gbin àgbàdo tàbí ẹ̀gúsí síbẹ̀ kí koríko má bàa bò ó, ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbin igi tó ń pẹ́.

Ó wá kan ilé. Bí bíríkìlà bá sọ pé ₦6,000,000 á kọ́ yàrá mẹ́rin, ẹ má bá a jà, ẹ kàn ní kó kọ gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dájú pé búlọ́ọ̀kù, òrùlé àti owó iṣẹ́ ni ẹ ó rí, pẹ̀lú ilẹ̀kùn díẹ̀. Ohun tí kò ní sí níbẹ̀ ni ìrẹ́ ògiri inú àti ìta, àjà, wáyà iná, páìpù omi, táìlì ilé ìwẹ̀, àwo ìgbọ̀nsẹ̀, sọ́kàwéè, ọ̀dà àti ojú fèrèsé. Ìparí ilé lẹ́yìn òrùlé máa ń jẹ owó tó súnmọ́ èyí tó gbé ògiri àti òrùlé dúró. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí àwọn ilé tó dúró sí líńtẹ̀, ìyẹn kọnkéré orí fèrèsé, káàkiri, koríko nínú yàrá, igi òrùlé tó ti dúdú. Ilé bẹ́ẹ̀ kò pa kọ́bọ̀ wọlé, òjò sì ń jẹ ògiri rẹ̀ lọ́dọọdún. Yàrá méjì tó parí tí ènìyàn ń gbé sàn ju mẹ́rin tó dúró sí líńtẹ̀ lọ, kódà kó jẹ́ owó kan náà ni ẹ ná sí méjèèjì.

Kí ẹ lè mọ bí ẹ ó ṣe bi bíríkìlà léèrè, ẹ fi èyí ṣe òdiwọ̀n. Mítà onígun mẹ́rin kan ògiri ń gba bíi búlọ́ọ̀kù 10. Self-contain 2 tó fara kan ara wọn, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ bíi mítà 7.3 sí 6.1, á ní ògiri tó tó mítà 45 ní gígùn tí a bá ka ti inú mọ́ ọn. Ká gbé e ga dé mítà 3, ká yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, ó kù díẹ̀ kó tó 1,200 búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6, ìpìlẹ̀ sì tún ń gba bíi 300 oní-ínṣì 9. Àpò sìmẹ́ǹtì kan tó dáa á fún yín ní 30 búlọ́ọ̀kù oní-ínṣì 6, ká sọ pé 35. Ẹni tó bá ń fa 50 jáde nínú àpò kan ń ta iyẹ̀pẹ̀ fún yín. Ẹ fi ìṣó họ ọ́: tó bá ń ṣàn bí iyọ̀, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ gbé ọ̀kan sókè dé àyà kí ẹ sì jẹ́ kó já sílẹ̀. Èyí tó dáa lè là sí méjì, kò ní fọ́ yángá. Ó sàn kí ẹ dá búlọ́ọ̀kù tiyín lórí ilẹ̀, kí ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7, kí ẹ má sì lò ó kó tó pé ọ̀sẹ̀ méjì. Sìmẹ́ǹtì tí Ọ̀bájànà ń ṣe nítòsí kò ní gbà yín lọ́wọ́ bíríkìlà tó bá fi omi pọ̀ jù nínú kọnkéré. 1 sìmẹ́ǹtì, 2 iyẹ̀pẹ̀, 4 òkúta ni kí ìpìlẹ̀ àti líńtẹ̀ jẹ́. Ìpìlẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dúró sórí ilẹ̀ dúdú tó rọ̀, kó lọ bíi 90 sẹ̀ǹtímítà tàbí títí yóò fi bá ilẹ̀ líle. Ìkán pọ̀ lágbègbè wa, kí ẹ da oògùn ìkán sí ilẹ̀ abẹ́ ilé kí wọ́n tó da kọnkéré lé e, kí ẹ sì fi ọ̀rá nípọn sábẹ́ kọnkéré ilẹ̀ kí ọ̀rinrin má bàa gòkè. Òrùlé ni èyí tí káfíńtà máa ń kánjú sí; ẹ béèrè bí páànù náà ṣe nípọn tó, 0.45 milímítà ni kó kéré jù, kí igi rẹ̀ sì ti gbẹ kí ó tó gun òkè.

Omi ni mo fẹ́ kí ẹ gbé yẹ̀wò ju òrùlé lọ. Òkúta ló wà lábẹ́ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Kàbà, ẹ sáà rí àwọn òkè àpáta tó yí ìlú náà ká. Níbi tí òkúta bá súnmọ́ òkè, kànga á dúró láìjinlẹ̀, á sì gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bohóòlù tí wọ́n kàn fi ojú yan ibi tí wọ́n gbẹ́ ẹ lè má rí omi rárá, owó sì ti lọ. Ẹ lọ wo kànga àwọn aládùúgbò ní oṣù Kẹta, kí ẹ béèrè oṣù tó ń gbẹ. Bí ẹ bá fẹ́ bohóòlù, kí ẹni tó ní ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn abẹ́ ilẹ̀ kọ́kọ́ wò ó kí ẹ̀rọ ìgbẹ́ tó dé. Sọ́kàwéè gbọ́dọ̀ jìnnà sí kànga, 30 mítà ló yẹ, tiyín àti ti aládùúgbò. Lórí pulọ́ọ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ 50 sí 100, igun kan sí igun kejì kò tó mítà 35, ìyẹn ni pé tí kànga bá wà ní igun iwájú, igun ẹ̀yìn tó kọjú sí i pátápátá ni sọ́kàwéè máa wà. Kí ẹ sì tún wo ibi tí kànga aládùúgbò wà kí ẹ tó gbẹ́ ẹ. Akẹ́kọ̀ọ́ á fara da yàrá kékeré, àmọ́ ilé tí kò lómi ní oṣù Kejì, ọdún kan péré ni wọn ó gbé níbẹ̀. Ní ti iná, ẹ wọn ibi tí tiransifọ́mà wà sí ilẹ̀ yín, kí ẹ sì ní lọ́kàn pé yàrá kọ̀ọ̀kan á ní mítà tirẹ̀.

Ẹ wá jẹ́ ká wo owó ilé. Yàrá 4 ní ₦180,000 jẹ́ ₦720,000 lọ́dún. Ẹ yọ ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún fún àkókò tí yàrá ṣófo, 10 fún àtúnṣe, 5 fún ẹni tó ń bá yín bójú tó o, ó ku ₦540,000. Ká ní gbogbo rẹ̀, ilẹ̀, ìwé, omi àti ìparí, jẹ́ ₦11,000,000, owó yín á gbà tó ọdún 20 kó tó padà, tí owó ilé kò bá lọ sókè. Lóòótọ́ ni owó ilé ń lọ sókè, ilé náà sì ṣì wà tiyín, nítorí náà ìṣirò yìí kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ó fi hàn pé ilé ayálégbé kì í ṣe ibi tí owó ti ń tètè wọlé. Ní ọdún 2024, èlé treasury bill ọlọ́dún kan, owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ aráàlú, kọjá ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún láwọn oṣù kan. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ń rí nígbà gbogbo, ọ̀wọ́n ọjà sì ń jẹ nínú rẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó ń fẹ̀yìntì kò gbọ́dọ̀ kó gbogbo owó rẹ̀ sínú búlọ́ọ̀kù. FGN Savings Bond, tí ìjọba àpapọ̀ náà fi ń yáwó lọ́wọ́ aráàlú, bẹ̀rẹ̀ láti ₦5,000, ọdún 2 tàbí 3 ni, oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni wọ́n ń san èlé rẹ̀. Owó tó ń bọ̀ ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta ń ra oúnjẹ àti oògùn; owó ilé akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ló ń wọlé.

Ẹ má sì gbójú lé akẹ́kọ̀ọ́ nìkan. Yunifásítì ìpínlẹ̀ tó wà ní Kàbà ń mú ènìyàn wá sí ìlú náà, mi ò sọ pé kò rí bẹ́ẹ̀. Àmọ́ ní 2022 ìyanṣẹ́lódì ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, gba oṣù 8, àwọn onílé tó yí fásitì ká káàkiri orílẹ̀-èdè yìí sì rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí owó ilé nígbà tí ọmọ ilé ìwé bá wà nílé òbí rẹ̀. Ẹ wo ibi tí nọ́ọ̀sì, olùkọ́ tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ lè fẹ́ gbé pẹ̀lú, kí yàrá má sì kéré débi pé ọ̀dọ́ nìkan ló lè gbé e. Kí àdéhùn ayálégbé wà ní kíkọ. Bí kò bá sí àdéhùn mìíràn, ẹni tó ń san owó ọdún kan lẹ́ẹ̀kan gbọ́dọ̀ gba ìwé oṣù mẹ́fà kí ẹ tó lè ní kó jáde, lẹ́yìn náà ìwé ọjọ́ 7, lẹ́yìn náà ilé ẹjọ́. Ẹ má ṣe ká òrùlé, ẹ má ṣe yọ ilẹ̀kùn; ẹni tó jẹ yín lówó lè padà wá gbowó lọ́wọ́ yín.

Lọ́kọ́ja tí àbúrò yín sọ kò burú, ṣùgbọ́n ìlú tí òkè Patti àti odò há mọ́ra ni. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ níbẹ̀ kò pọ̀, èyí tó bá sì tẹ́jú tí owó rẹ̀ tún kéré nítòsí odò ní ìdí tí owó rẹ̀ fi kéré. Omi bo apá kan Gánájà àti àwọn àdúgbò mìíràn ní 2012, ó tún dé ní 2018 àti 2022. Ẹni tó bá ń tà á ní oṣù Kejì kò ní fi èyí hàn yín. Ẹ wo ìsàlẹ̀ ògiri àwọn ilé tó wà nítòsí bóyá ilà omi ṣì wà, kí ẹ sì béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ níbẹ̀ ibi tí omi dé ní 2012. Ohun tó tún kù díẹ̀ káàtó nínú ìmọ̀ràn rẹ̀ ni pé ilẹ̀ tí ẹ rà tí ẹ kò sì gbé nítòsí rẹ̀ nílò olùṣọ́. Ó lè gbówó lórí, àmọ́ títí ẹ ó fi tà á kò mú kọ́bọ̀ wá, títà náà sì máa ń pẹ́ nígbà tí owó bá ń fẹ́ kánjú lọ sí ilé ìwòsàn. Fún ẹni tó ní owó mìíràn ni ilẹ̀ ìfisílẹ̀ dára jù.

Tó bá jẹ́ owó mi ló wà lórí tábìlì, pulọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ni màá rà, ₦1,600,000, tí gbogbo ìdí igi bá fọwọ́ sí i. Màá ya bíi ₦500,000 sọ́tọ̀ fún lọ́yà, sọ́fíyọ̀ àti ìyọ̀ǹda, bíi ₦800,000 fún omi. Yàrá méjì ni màá kọ́ parí, bíi ₦2,200,000 sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, màá jẹ́ kí bíríkìlà fi eyín búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ ní ògiri ẹ̀gbẹ́ kí yàrá kẹta lè fara mọ́ ọn lọ́jọ́ iwájú. Ó ku ₦1,700,000 tí màá fi sí savings bond, tí mi ò ní fọwọ́ kàn nítorí ilé. Iye tí mo fi sí omi àti yàrá jẹ́ òdiwọ̀n. Ẹ fi iye tí ọjà Kàbà bá sọ rọ́pò rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àpapọ̀ ìwé, ilẹ̀ àti omi ju ìdá mẹ́ta owó yín lọ. Lẹ́tà kò lè rí òkúta tó wà lábẹ́ ilẹ̀ tàbí ìjà tó wà nínú ẹbí tó ń ta ilẹ̀; ojú yín àti ti lọ́yà yín ló lè rí i. Bí wọ́n bá sì kọ̀ láti mú àwọn aṣojú ìdí igi wá, ẹ padà sí Ìsánlú, kí ẹ wo ilẹ̀ tó wà nítòsí yín. Owó ilé ibẹ̀ lè kéré sí ti Kàbà, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa rí bíríkìlà.

Ní ti orúkọ, kí tiyín wà níbẹ̀. Ọmọ tó fẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé lè ní èrò rere lọ́kàn. Ó lè máa ronú pé kí ìyọnu má bàa wà lẹ́yìn yín. Àmọ́ ìwé tó ní orúkọ rẹ̀ nìkan jẹ́ kó lè tà á, kó fi yáwó, tàbí kí aya rẹ̀ àti àwọn ọmọ rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ sí i bó bá ṣaláìsí ṣáájú yín, ẹ̀yin á sì di àlejò nínú ilé tí owó yín kọ́. Tí ẹ bá fẹ́ mú un wọlé, kí lọ́yà kọ orúkọ ẹ̀yin méjèèjì sí i, kó sì kọ ní kedere bóyá ẹni tó bá kù ló ni gbogbo rẹ̀ tàbí kí ìpín kọ̀ọ̀kan lọ sọ́dọ̀ àwọn ọmọ rẹ̀. Tí ẹ kò bá fẹ́ bẹ́ẹ̀, kí ẹ kọ ìwé ìhágún sílẹ̀ níwájú ẹlẹ́rìí méjì tí kò ní ìpín nínú rẹ̀, ẹ̀dà kan lọ́dọ̀ lọ́yà, ọ̀kan ní báǹkì, kí ẹ sì sọ fún gbogbo àwọn ọmọ yín ibi tó wà.